Bí Windows bá kọ̀ tí kò dìde, ta ni yóò kà á fún afọ́jú?

Etílójú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Windows 11 ni mo ń lò, NVDA ló sì ń kà á fún mi. Mo ní hard disk ìta kan, terabyte 1, mo fẹ́ máa ṣe ẹ̀dà odindi kọ̀ǹpútà náà sórí rẹ̀: Windows, àwọn áàpù, ìṣètò NVDA, gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣíṣe ẹ̀dà gan-an kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ọjọ́ tí Windows bá kọ̀ ni mo ń rò, torí NVDA ò ní sí níbẹ̀ láti sọ ohunkóhun.

Ṣé àṣẹ kan wà nínú Windows fúnra rẹ̀ tí mo lè fi ṣe ẹ̀dà yìí, kí n má baà máa wá bọ́tìnnì tí kò lórúkọ kiri nínú áàpù ẹlòmíì? Ṣé WinRE, ibi tí wọ́n ti ń tún Windows ṣe yẹn, máa ń sọ̀rọ̀? BitLocker, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti disk pa, sì tún wà lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ pe ẹni tó ń ríran. Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.

Ìyá_Ẹ̀rọ dáhùn:

Ìbéèrè yín kejì ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀dà lè pé pérépéré, bí ẹ ò bá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dá a padà, asán ni. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan hard disk yẹn, ẹ lọ wò ó bóyá WinRE yín ní ohùn.

WinRE jẹ́ Windows kékeré kan tó ní ìpín tirẹ̀ lórí disk, òun ló máa ń dìde nígbà tí Windows ńlá bá ṣubú. Láti Windows 10 version 1709, lọ́dún 2017, ni Narrator, ohun tí Windows fúnra rẹ̀ fi ń kàwé fún afọ́jú, ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ctrl, Windows àti Enter tẹ́ ẹ bá tẹ̀ pọ̀ ló ń tan án.

Ẹ tẹ Windows, ẹ kọ cmd (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí ẹ̀rọ), ẹ tẹ Ctrl+Shift+Enter, kẹ́ ẹ fi Alt+Y gbà fún un. Lẹ́yìn náà:

reagentc /info

Ẹ wá ìlà tó ní "Windows RE status". "Enabled" ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Bó bá jẹ́ "Disabled", ẹ kọ reagentc /enable, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti wà ní Enabled, ẹ tọ́jú gbogbo iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ:

shutdown /r /o /t 0

Ẹ̀rọ yóò pa, yóò sì dìde sínú WinRE. Kò ní dún rárá. Ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan gbáko kẹ́ ẹ tó tẹ Ctrl+Windows+Enter, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bọ́tìnnì kan náà tó ń tan Narrator ló ń pa á. Ẹni tí kò ní sùúrù, tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ti tan án, ó sì ti pa á kó tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí Narrator bá ti dáhùn, ẹ fi Tab àti arrow rìn. Ẹ ó gbọ́ Continue, Use a device, Troubleshoot, Turn off your PC. Ẹ má há iye ìgbà tẹ́ ẹ tẹ arrow sórí o, torí ohun tó wà níbẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Orúkọ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́.

Bó bá dákẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má dá Narrator lẹ́bi. Dírẹ́bà ohùn, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ ohùn, ni kò sí. Ìwọ̀nba dírẹ́bà díẹ̀ ló wà nínú WinRE, ẹ̀rọ ohùn inú ọ̀pọ̀ laptop tuntun kì í sì í sọ̀rọ̀ láìsí dírẹ́bà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn kọ. Gbohùn-sétí onísòkèètì USB ló sábà máa ń gbà wá, torí dírẹ́bà gbogboogbò ló ń lò. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ hub tó ń pín USB, kẹ́ ẹ sì ti so ó kí ẹ̀rọ tó dìde. Bluetooth ò wúlò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde tí kò sóhùn, ẹ di bọ́tìnnì iná mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ tún un tàn. Windows yín yóò dìde bó ṣe ń dìde tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àtúnṣe Windows 11 ti 14 October 2025, KB5066835, sọ kíbọ́ọ̀dù àti mouse onísòkèètì USB di òkú nínú WinRE. Windows ńlá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ẹni tí kò wọ WinRE kò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. KB5070773 tó jáde ní 20 October ló tún un ṣe. Ẹ máa wọlé lọ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe ńlá kọ̀ọ̀kan.

Òǹtẹ̀bọ́tìnnì dáhùn:

Ìyá_Ẹ̀rọ ti la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀dà.

Àṣẹ tẹ́ ẹ ń wá ni wbadmin. Láti ọdún 2017 ni Microsoft ti sọ pé àwọn ò mú irú ẹ̀dà yìí gbòòrò mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán sì ni látòkè délẹ̀. Screen reader kankan kò lè kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ìlànà tí hard disk náà fi ń to faìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ NTFS. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú exFAT, wbadmin kò sì ní gbà á. Ká ní E ni lẹ́tà disk náà. Bẹ́ ẹ bá kọ

fsutil fsinfo volumeinfo E:

yóò sọ irú èyí tó jẹ́ fún yín ní ìlà "File System Name". Láti yí i padà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, torí yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́:

format E: /FS:NTFS /Q /V:EDA

EDA tó wà níparí yẹn ni orúkọ disk. Ẹ má fò ó, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀dà fúnra rẹ̀ wá rèé, nínú cmd tẹ́ ẹ ṣí pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó:

wbadmin start backup -backupTarget:E: -include:C: -allCritical -quiet

-allCritical ló ń mú ìpín EFI àti àwọn ìpín kéékèèké tó kù mọ́ C. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò yóò ní gbogbo faìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows tó dá padà kò ní dìde. Bó ti ń ṣiṣẹ́, yóò máa ka ìdá ọgọ́rùn-ún lọ ràì, NVDA yóò sì máa tẹ̀ lé e. NVDA+5 ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bó bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa rò pé cmd ti kú.

Fọ́dà kan yóò yọ lórí disk náà, WindowsImageBackup. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má sì gbé e sínú fọ́dà mìíràn, torí orí E: gan-an ni wbadmin ti ń wá a.

Ó ku dídá padà. Nínú WinRE, ẹ gba Troubleshoot, Advanced options, Command Prompt. Lẹ́tà disk máa ń yí padà níbẹ̀: C yín lè di D, E lè di F. Ẹ kọ notepad kẹ́ ẹ tẹ Enter. Bẹ́ẹ̀ ni o, Notepad wà nínú WinRE, òun ni ọ̀rẹ́ afọ́jú jù lọ níbẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl+O, ẹ lọ sí This PC, kẹ́ ẹ fi arrow gbọ́ àwọn disk níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pe ara rẹ̀ ní EDA ni tiyín, ẹ wo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. Ká ní F ni. Ẹ padà sí cmd:

wbadmin get versions -backupTarget:F: > X:\v.txt
notepad X:\v.txt

X: jẹ́ disk inú mẹ́mórì, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ yóò parẹ́ bí ẹ̀rọ bá pa, kò sí ewu. Nínú faìlì yẹn, "Version identifier" lẹ́ ń wá, ó máa ń rí báyìí: 03/15/2026-09:20. Ẹ má lo "Backup time" tó wà lókè rẹ̀, torí wákàtí méjèèjì lè má bára mu. Ẹ dà á kọ, ẹ ṣí Notepad tuntun, kẹ́ ẹ kọ àṣẹ náà síbẹ̀:

wbadmin start sysrecovery -version:03/15/2026-09:20 -backupTarget:F: -quiet

Ẹ fi arrow gbọ́ ọ lẹ́tà kan sí ìkejì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí "X:\d.cmd", pẹ̀lú àmì ọ̀rọ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Notepad yóò so .txt mọ́ ọn. Nínú cmd, ẹ kọ X:\d.cmd, ó tán. Ìdí tí mo fi gba Notepad kọjá ni pé -quiet kò ní bi yín ní "ṣé ó dá yín lójú". Bó bá ti gbọ́ àṣẹ báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí disk.

Etílójú:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kékeré méjì: ṣé fíláàṣì 256 GB lè ṣe iṣẹ́ hard disk ìta yẹn? Bí disk inú bá sì kú pátápátá tí mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ńkọ́?

Òǹtẹ̀bọ́tìnnì:

Fíláàṣì ò ṣe é. wbadmin kì í gba disk tí Windows bá kà sí removable, ohun yòówù tí ìwọ̀n rẹ̀ ì báà jẹ́.

Disk tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́, àní bí ẹ̀dà yín kò bá kún ìdajì rẹ̀. Ìwọ̀n disk ló ń wò, kì í ṣe ti faìlì. Ẹ fi -recreateDisks kún àṣẹ náà. Kẹ́ ẹ tó tẹ Enter, ẹ yọ gbogbo disk mìíràn kúrò lára ẹ̀rọ, kó ku tuntun àti èyí tí ẹ̀dà wà lórí rẹ̀, torí -recreateDisks lè pa ohun tó wà lórí disk tí kò kàn án rẹ́. WinRE ò ní sí lórí disk tuntun, nítorí náà ẹ ti ṣe fíláàṣì ìgbàlà sílẹ̀: ẹ wá "Recovery Drive" nínú Start. Iṣẹ́ tí fíláàṣì yín lè ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n yóò pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Láti mú ẹ̀rọ dìde láti orí rẹ̀ nígbà tí WinRE ti inú ṣì wà, "Use a device" ni kẹ́ ẹ yàn, Narrator yóò ka orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí disk inú bá ti kú, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ UEFI nìyẹn, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde.

Agbọ́hùn dáhùn:

UEFI àti BitLocker, ibi méjèèjì tí kò sí ohùn rárá. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ojú-ewé aláwọ̀ búlúù tí BitLocker fi ń béèrè kọ́kọ́rọ́ máa ń yọ kí Windows tó dìde, Ctrl+Windows+Enter ò sì ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ nọ́ńbà 48, ní ìdì 8, ìdì kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà 6. Ẹ gbà á nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ̀rọ̀:

manage-bde -protectors -get C:

Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, ìdì kan ní ìlà kan, kẹ́ ẹ fi àlàfo sí àárín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pọ̀, ohùn fóònù yín, TalkBack tàbí VoiceOver, lè máa kà á bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìgbẹ̀yìn ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Braille lórí pépà tún dára jù, torí pépà kì í kú. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú ojú-ewé yẹn, ẹ má tẹ àmì àárín ìdì, òun fúnra rẹ̀ ló ń sún síwájú. F1 títí dé F9 dúró fún 1 sí 9, F10 sì dúró fún 0. Èyí wúlò lórí kíbọ́ọ̀dù tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá dá yín lójú.

Ọ̀nà tí ó tiẹ̀ wù mí jù ni kẹ́ ẹ má bá ojú-ewé náà jìjàkadì rárá. Ẹ wọ WinRE tàbí fíláàṣì ìgbàlà níbi tí Narrator ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣí cmd, kẹ́ ẹ kọ:

manage-bde -unlock C: -recoverypassword

kí nọ́ńbà 48 náà tẹ̀ lé e, tòun ti àmì àárín ìdì lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé lẹ́tà disk lè ti yí padà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ níbẹ̀ lẹ ó lè gbọ́. Ní ti àtúnṣe UEFI, ẹ kọ́kọ́ dá BitLocker dúró kó má baà béèrè kọ́kọ́rọ́:

manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 1

Ohun kan tí Òǹtẹ̀bọ́tìnnì ò sọ: ẹ̀dà wbadmin ò ní BitLocker lára. Ẹni tó bá jí hard disk ìta yín ti rí gbogbo nǹkan yín. Ẹ fi BitLocker dì í náà, kẹ́ ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Windows tẹ́ ẹ bá sì dá padà yóò dìde láìní BitLocker, àfi kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ní ti UEFI, bí kọ̀ǹpútà kejì bá wà nílé tó ní NVDA, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gba HDMI wọlé tó sì ń tì í jáde sí USB, irú èyí táwọn tó ń ṣe fídíò eré orí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ so HDMI ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó tàn án. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ ṣí áàpù Camera, yóò gbé àwòrán náà bí ẹni pé kámẹ́rà ni. NVDA+R yóò ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, arrow lẹ ó fi rìn nínú rẹ̀, Escape lẹ ó fi jáde. Ẹ̀rọ náà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó mú àwòrán, nítorí náà àmì ilé-iṣẹ́ tó ń kọjá fìrí lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kò pọn dandan.

Ẹ̀tàn inú rẹ̀ nìyí: NVDA+R ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló ń fi èyí tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀ hàn, kò sì ní sọ ìyẹn. Nínú àtòkọ boot, ìyẹn àtòkọ ohun tí ẹ̀rọ lè fi dìde, orí èyí tó wà lókè pátápátá lẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ka Windows Boot Manager ṣáájú, tí USB tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ arrow ní àtẹ̀jù, ẹ má máa méfò. Ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Akójọ dáhùn:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ̀dà odindi ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn nílò. Windows ṣeé fi sí lọ́tun, Narrator sì ń sọ̀rọ̀ nínú ètò ìfisí náà pẹ̀lú Ctrl+Windows+Enter kan náà. Ohun tí kò ṣeé rí padà ni faìlì yín, ohun tó sì máa ń dá afọ́jú dúró lẹ́yìn ìfisí ọ̀tun ni dírẹ́bà: kò sí ohùn, kò sí Wi-Fi láti lọ mú dírẹ́bà ohùn wá. Ẹ kó wọn pamọ́ nísinsìnyí:

md E:\Direba
dism /online /export-driver /destination:E:\Direba

Lórí Windows tuntun, àṣẹ kan ló dá gbogbo wọn padà, ẹ sì lè fi í sínú faìlì .cmd sílẹ̀ kẹ́ ẹ má baà tẹ̀ ẹ́ láìgbọ́ ohùn:

pnputil /add-driver E:\Direba\*.inf /subdirs /install

NVDA: ẹ tẹ NVDA+N, Tools, Create portable copy, kẹ́ ẹ sì mú àpótí tó sọ pé kó da ìṣètò yín kọ. Àwọn add-on àti ìwé ìpè ọ̀rọ̀ yín yóò bá a lọ. Láti inú ẹ̀dà náà, ẹ lè fi NVDA sí Windows tuntun láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Settings, General, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú kí NVDA lo ìṣètò yín ní ojú-ewé ìwọlé, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń lo JAWS, screen reader mìíràn, Import/Export wà nínú Utilities.

Ní ti faìlì:

robocopy "%USERPROFILE%" E:\Faili /MIR /XJ /XD "%LOCALAPPDATA%" /R:1 /W:2 /LOG:E:\log.txt

Ẹ kọ́kọ́ fi /L sí i níparí, kó kàn sọ ohun tí yóò ṣe láìṣe é. /MIR máa ń pa ohun tí kò sí ní orísun rẹ́ ní E:\Faili, ẹni tó bá ṣi ọ̀nà kọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀dà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ echo %ERRORLEVEL% lẹ́yìn rẹ̀, 0 dé 7 kò burú, 8 sókè ni faìlì kan ò ti lọ. Kẹ́ ẹ sì yọ disk náà lára ẹ̀rọ bó bá ti parí.

Ìyá_Ẹ̀rọ:

Akójọ, ẹ ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ní áàpù tí àṣẹ ìlò rẹ̀ ṣòroó gbà padà yóò fẹ́ ẹ̀dà odindi. Ẹ ṣe méjèèjì, terabyte 1 gbà á. Fọ́dà Direba àti NVDA yẹn kò tó nǹkan. Ẹ da wọ́n kọ sórí fíláàṣì kejì, kẹ́ ẹ fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú gbohùn-sétí USB àti braille kọ́kọ́rọ́ BitLocker.